'Mo ti san owó oṣù, ta ló máa dá ọjọ́ mẹ́sàn-án mi padà?' – Íńtánẹ́ẹ̀tì aláìlówáyà ní Accra

Ọ̀rọ̀ tí ìyá oníṣòwò kan bá àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Accra, Ghana sọ nìyí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé, èyí tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù láì fa wáyà kankan wọ yàrá. Mo mọ̀ pé nínú gbogbo wa tó jókòó síbí, ẹni tí kò tíì gbé ráútà lọ sójú fèrèsé rí kò lè pọ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ti yé mi.

Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe aláìsí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì ráyè lọ sílé. Àwọn ará ilé ní kí n má dààmú, pé àwọn máa gbé fídáù náà sórí fóònù kí gbogbo àwa tó wà ní ìdálẹ̀ lè máa wò ó: èmi ní Accra New Town, àbúrò mi ọkùnrin ní Peckham, àwọn ọmọ olóògbé ní Houston. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo ti san owó oṣù tuntun. Aago mẹ́wàá tilé ni àdúrà, ìyẹn aago mẹ́sàn-án ní Ghana. Mo tẹ́ ẹní, mo pe aládùúgbò méjì. Àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni iná ráútà tó máa ń tàn bí ewé di pupa. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Mo gun àga. Nígbà tí iná náà máa padà sípò, wọ́n ti ṣe àdúrà tán, oúnjẹ ni wọ́n ń pín. Àbúrò mi tó wà ní London ló ròyìn ohun tí àfáà sọ nípa ẹ̀gbọ́n màmá mi fún mi.

Nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo sanwó fún lóṣù náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣeé lò. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ń lo ti ibòmíràn nínú yín á rò pé ọ̀rọ̀ kò kan òun.

Mo pè wọ́n. Ẹ mọ bí Accra ṣe rí, èèyàn kì í bínú níbí láì kọ́kọ́ sọ pé "mepa wo kyɛw". Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bí mi nínú. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, a ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Ohun tó sọ lọ́jọ́ kìíní nìyẹn, òun náà ló sọ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ni mo bá bi í pé: ọjọ́ mẹ́sàn-án mi tó lọ yìí, ta ló máa dá a padà? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ètò wa kò ní irú ìyẹn."

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

'Ó lè tó' kì í ṣe 'ó tó'

Ká tó bínú, ó yẹ ká mọ ohun tí a rà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan dà bí ẹ̀rọ omi kan ládùúgbò. Láago mẹ́ta òru, bí ìwọ nìkan bá wà nídìí ẹ̀rọ, omi á ya. Láago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo èèyàn ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí ilé kan ń wo fíìmù, tí èkejì ń wo bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọ iléèwé ń wa iṣẹ́ àmúrelé, omi á máa ro tótó. Ilé iṣẹ́ tó ń ta á mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó pé ó lè tó 20 Mbps. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: ó lè tó. Bí mo bá sọ fún oníbàárà mi ní Makola pé aṣọ tí mo tà fún un lè tó ọ̀pá mẹ́fà, ó máa nà án lójú mi kó tó sanwó.

20 yẹn gan-an, lẹ́tà b kékeré ló wà nínú rẹ̀. B ńlá ni fóònù yín fi ń ka fáìlì, b kékeré mẹ́jọ ló sì wà nínú ẹyọ kan rẹ̀. Ẹ pín 20 sọ́nà mẹ́jọ, ó ku 2.5. Ìyẹn sì jẹ́ ní ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dáa.

Ìtàn wà nídìí bí ráútà wa ṣe di ará ojú fèrèsé. Ní ọdún 2014 ni Surfline gbé íńtánẹ́ẹ̀tì 4G jáde ní Accra, òun ló kọ́kọ́ ṣe é ní Ghana. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Blu dé, Busy náà bá wọn wọ ọjà 4G. Inú wa dùn nígbà náà, torí a rò pé bí ọ̀pọ̀ bá ń tajà, owó á wálẹ̀, iṣẹ́ á sì dáa. Ṣùgbọ́n ìgbì afẹ́fẹ́ tí ìjọba fún Surfline àti Blu ni èyí tí wọ́n ń pè ní 2600 MHz. Ìgbì yìí lè gbé ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò lè rìn jìnnà, ògiri búlọ́ọ̀kù sì máa ń dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣòwò gbọ́dọ̀ ri òpó púpọ̀ sí ìtòsí ara wọn, owó ńlá sì nìyẹn. Nígbà tí ọdún 2015 ń parí lọ, àjọ NCA, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Ghana, ta ìgbì 800 MHz, tó ń rìn jìnnà tó sì ń wọ inú yàrá. MTN ló rà á ní mílíọ̀nù 67.5 dọ́là. Ilé iṣẹ́ kékeré wo ló fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Lónìí, ẹ wá Surfline, Blu àti Busy lọ sí ọjà, ẹ ò ní rí wọn. Ráútà wọn ṣì wà nílé wa. Mo mọ ilé kan ní Nima tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.

Ti iná mànàmáná náà ń bẹ ńbẹ̀. Gbogbo wa la mọ dumsor. Òpó ní bátìrì, ó ní jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí bátìrì níye, díísù sì lè tán. Kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná wà ládùúgbò tí òpó wà.

Mo tún gbà pé àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹni tó ta dátà fún wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Ghana, Nàìjíríà, Benin, Liberia, gbogbo wa la jọ fara gbá a. Àwọn báńkì kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. NCA ní ó kéré tán, yóò gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ohun gbogbo tó padà sípò. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó bí mi nínú ni pé nígbà tí ráútà mi dákẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wáyà abẹ́ òkun náà ni wọ́n tún fi dá mi lóhùn. Ìdáhùn tó ti rọrùn lẹ́nu kì í tètè tán. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń wo fóònù mi, tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibòmíràn. Bí fóònù àti ráútà bá jọ kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkun. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ tí ráútà kò ṣiṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣòro náà kò jìnnà sílé.

Owó ìtanràn tí kò dé àpò wa

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba kò dákẹ́. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 2018, NCA bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 34 cedi lé MTN, Vodafone, AirtelTigo àti Glo torí pé iṣẹ́ wọn kò tó ohun tí ìwé àṣẹ wọn là kalẹ̀. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin tó pàtẹ́wọ́, ta ló rí cedi kan nínú rẹ̀? Bí ọmọ aládùúgbò bá fọ́ abọ́ mi, tí bàbá rẹ̀ sì nà án dáadáa, mo dúpẹ́, àmọ́ abọ́ mi ṣì fọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Ursula Owusu-Ekuful, pàṣẹ pé dátà tí èèyàn rà tí kò lò tán kò gbọdọ̀ jóná mọ́, pé kí wọ́n máa gbé e kún èyí tó bá tún rà. Ó dáa. Ẹni tó ra gígábáìtì jèrè àṣẹ yẹn. Àmọ́ àwa tí a ń sanwó oṣù fún èyí tí wọ́n ní kò lópin, kì í ṣe gígábáìtì la rà, ọjọ́ la rà. Bí iná ráútà bá pupa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ ń lọ ní tirẹ̀.

Nílé lọ́hùn-ún, àjọ NCC ti Nàìjíríà kéde ní ọdún 2025 pé bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró ju wákàtí 24 lọ, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ohun kan san án fún oníbàárà, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé ilé ti di ọ̀run o. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni NCC gbà kí owó ìpè àti dátà lọ sókè ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi kún ọjọ́ yẹn, ó wù mí gan-an, òun sì ni mo ní ká máa bi àwọn ilé iṣẹ́ wa níbí, yálà òfin fi dandan lé e tàbí kò fi.

Àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ ra Starlink." Ó ti wọ Ghana láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ níbi tí òpó kò dé. Àmọ́ lópin ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó ni wọ́n ti ń sọ fún pé àyè ti kún. Ẹ̀rọ omi náà ni, ojú ọ̀run ni wọ́n gbé e kọ́. Bí dumsor bá sì dé, àwo orí òrùlé náà á sùn.

Ìdí kan wà tí a kì í fi í fẹjọ́ sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Àlejò ni wá. Accra New Town tí mò ń gbé yìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba Busia fún àwọn òbí wa tí kò níwèé láti kẹ́rù wọn. Àwọn àgbà tó jókòó lápá ọ̀tún mi yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé bí nǹkan bá dùn wá, ká gbé e mì. Bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi títí tó fi kú. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó mi kò béèrè ìlú bàbá mi kó tó gbà á.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo ra ìwé kékeré kan. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti láago mẹ́jọ alẹ́, mo máa ń dúró ti ráútà, mo máa ń fi fóònù wọn bó ṣe yá tó, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ iná rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n, mo máa ń gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, mo máa ń kọ aago tí mo pè. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn o, torí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn sí. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀ ni ẹ tó lè gbé e lọ sí NCA, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Airport City. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbínú nìkan, wọ́n á ní kó padà lọ mú ẹ̀rí wá.

Mo ya àwòrán ojú ìwé mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, mo sì kọ ọ́ sí i pé NCA ló kàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọjọ́ méje kún oṣù mi. Ọmọbìnrin tó pè mí bẹ̀ mí, bó ṣe máa ń ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ní, "Mepa wo kyɛw, ó ku méjì."

Mi ò tíì rí méjì yẹn gbà. Mo ti tún kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ Ajé. Ìwé kékeré náà nìyí lọ́wọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wo bí mo ṣe ń fa ìlà rẹ̀, kó rí mi nídìí tábìlì yẹn.