Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde àti Ohun tí Ìwádìí Àìpẹ́ Yìí Fi Hàn

Àwọn tí ó pè wá fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí tuntun tí àwọn oníṣègùn ń ṣe káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ohun tí wákàtí kan lè gbà lọ. Nítorí náà a mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí ó sún mọ́ ilé olúkúlùkù wa: àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sickle cell.

Àrùn tiwa ni. Ní Nàìjíríà, bí ènìyàn mẹ́rin bá péjọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ru àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí 150,000 ọmọ ni a sì ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn náà fúnra rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Àwọn Ga ní Ghana ti ń pè é ní chwechweechwe kí dókítà òyìnbó kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé, Dókítà Konotey-Ahulu, ọmọ ilẹ̀ náà, sì tọpa rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ lọ dé ọdún 1670. Ní ti àwa Yorùbá, a gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tí a sọ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé jẹ́ ọmọ tí àrùn yìí ti pa àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. A kò sọ pé gbogbo wọn, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ púpọ̀ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìyá tí aráyé ń nàka sí nítorí ọmọ tí ń kú, ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Ní ọdún 1910 ni Dókítà James Herrick ti Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Grenada wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú eyín. Nígbà tí a wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, hóró pupa inú rẹ̀ kò rí roboto bí ti ẹlòmíràn. Ó tẹ̀ bí dòjé. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn, èyí tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ni àléébù náà wà. Nígbà tí hẹmoglóbìn yìí bá ti gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a lẹ̀ mọ́ ara wọn, hóró ẹ̀jẹ̀ a sì tẹ̀, a le, a dí ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ibi tí ó bá dí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀gbà a kọlu ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ti AS àti AS. Ohun kan ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ nínú rẹ̀: wọ́n rò pé ọmọ mẹ́ta yóò yè kí ẹ̀kẹrin tó ní àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń tún kèké rẹ̀ ṣẹ́. Ìwé àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: ìwé tí a gbà ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, nígbà tí a ti ra aṣọ ẹbí, ti pẹ́ jù. Ìwé náà kò sì ran ọmọ tí a ti bí lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Ní ọdún 1948, Dókítà Janet Watson ní New York ṣàkíyèsí pé àrùn náà kì í yọ ọmọ tuntun lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ inú oyún ní irú hẹmoglóbìn tirẹ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn ìbí, ara a máa pa á tì díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó bá sì fi máa tó oṣù mẹ́fà, ti àgbà ti gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè mú kí ara tún padà sí ti ọmọ inú ti rí ọ̀nà. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Boston fi hàn pé jíìnì kan tí ń jẹ́ BCL11A ni ó ń ti ìlẹ̀kùn náà. Ní ọdún 2019, Victoria Gray, obìnrin kan láti Mississippi ní Amẹ́ríkà, di aláìsàn sickle cell àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí a fi ọ̀nà tuntun yìí tọ́jú: a fa irúgbìn ẹ̀jẹ̀ láti ara rẹ̀, a gé jíìnì náà níbi tí ó yẹ, a sì dá a padà. Nínú àwọn 31 tí a tọ́jú bẹ́ẹ̀ tí a sì ṣọ́ dáadáa, 29 lo oṣù méjìlá ó kéré tán láìsí ìrora líle. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá.

Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan, oògùn líle tí ó pa mùdùnmúdùn eegun àtijọ́ run ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún aláìsàn. Kí ni ti ọmọ tí a bí ní Katsina tàbí ní Ìsẹ́yìn lánàá?

Oògùn kan wà tí ń jẹ́ hydroxyurea. Kápúsù ni, kì í ṣe tuntun. A ti ń lò ó fún àìsàn mìíràn kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tí ó ní sickle cell ní ọdún 1998. Ìlẹ̀kùn kan náà ni ó ń tì sí díẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé nínú ilẹ̀ tí ibà pọ̀ sí, yóò pa ọmọ lára. A gbé e wò ní Angola, Kóńgò, Kenya àti Uganda lára ọmọ 606. Ìrora dín kù sí bí ìdajì, ibà pàápàá dín kù, ikú sì dín.

Èyí tí ó wú wa lórí jù lọ ni ti Kano àti Kaduna. Níbẹ̀ ni Dókítà Shehu Abdullahi, pẹ̀lú Dókítà Michael DeBaun ti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan orí àwọn ọmọdé. Ọmọ 220 tí ẹ̀gbà ń dọdẹ ni wọ́n pín sí méjì: àwọn kan gba ìwọ̀n kékeré, àwọn kan gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá rí ìtọ́jú, bí 10 nínú 100 ni ẹ̀gbà ń kọlù lọ́dọọdún. Nínú ohun tí ó lé ní ọdún méjì, 3 nínú 109 ni ó kọlù nínú àwọn tí ó lo ìwọ̀n kékeré, 5 nínú 111 nínú àwọn yòókù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2022. Ìwọ̀n kékeré náà tó, owó rẹ̀ sì kéré! Ilé ìwòsàn ní Hausa ni a ti rí èyí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ni a fi rí i.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tuntun ni ó ń dára. Voxelotor, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2019, ni àwọn tí ń tà á kó kúrò lọ́jà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nítorí ikú àti ìrora tí a rí nínú ìwádìí. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àgbo Ẹni-Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé, tí ó fi ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ṣe. Ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Abuja gbé e yẹ̀ wò, ó sì dín ìrora kù. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é wọ gbèsè. Ó dùn wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ nígbà tí a bá bí i. Ní Kumasi ni Dókítà Ohene-Frempong ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ tuntun láti àwọn ọdún 1990. Bí ó bá jẹ́ SS, ẹ bèèrè pẹnisílínì títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, àti láti ọdún méjì, àyẹ̀wò iṣan orí lọ́dọọdún níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà. Ìwọ̀n Kano ni mílígíráàmù 10 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, èyí ni 200 lójúmọ́ fún ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 20. Dókítà ni yóò kọ ọ́, òun ni yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ.