Ẹni Tó Gbin Igi Yẹ Kó Ní Ìwé Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkẹjà



Ẹlòmíràn lè bi wá pé: kí ló kan òṣìṣẹ́ fákítọ̀rì àti awakọ̀ nípa ọ̀rọ̀ igbó? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Agége tí a ń gbé yìí, oko kòkó àti oko obì ni nígbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dáko nínú igbó ìjọba. Bí wọ́n bá dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni àwọn mìíràn ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1925 ni ìjọba Òyìnbó pààlà sí i. Ó ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbin igi, wọ́n lo ètò tí wọ́n ń pè ní Taungya. Àgbẹ̀ á ṣán ilẹ̀, á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, á sì máa tọ́jú ọmọ igi ìjọba láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì sí mẹ́ta, tí igi bá ti ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kẹ́rù rẹ̀. Kò ní ìpín kankan nínú igi tó tọ́. Nínú igbó Omo yìí ni wọ́n gbin igi Gmelina lọ súà fún ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwópin, ilé-iṣẹ́ tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí a ti retí.

Àwọn tó gbin kòkó síbẹ̀ láìgbàṣẹ ńkọ́? Arúfin ni òfin pè wọ́n. Ọjọ́kọ́jọ́ ni wọ́n lè gé oko wọn lulẹ̀. Ta ni yóò wá gbin ìrókò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lórí rẹ̀ lọ́la? Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń wa mọ́tò olówó ojúmọ́ kì í tọ́jú ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó gbà á ní háyà-pọ́ṣéèsì.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Wọ́n tún so ó mọ́ abala 315 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, àtúnṣe rẹ̀ sì le. Ààrẹ Yar'Adua fi àbá àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin ní 2009, kò di òfin. Ṣùgbọ́n òfin igbó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Àwọn aṣòfin ní Abẹ́òkúta lè tún un ṣe láìdúró de Àbújá.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àgbẹ̀ tó ń gbin igi gba ìwé tí ọdún rẹ̀ yóò gùn tó ìgbà tí igi yóò tó gé. Kó ní ìpín nínú owó pákó. Kí ọmọ rẹ̀ lè jogún ìwé náà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣeé tà, kí olówó má baà rà wọ́n tán. Kí a má sì fọwọ́ kan ibi tí erin ṣì ń gbé. Òfin tí Íńdíà ṣe ní 2006 jọ èyí: ìdílé tó ti ń dáko nínú igbó tẹ́lẹ̀ lè gba ìwé ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4; a lè jogún rẹ̀, a kò lè tà á.

Àwọn kan ní igbó yóò tán bí a bá fún àgbẹ̀ níwèé. Àwa náà bi wọ́n: ní gbogbo ọdún tí àgbẹ̀ kò fi ní ìwé, ṣé igbó kò tán lọ ni?

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ti ṣe kásúà rí mọ ohun tí iṣẹ́ láìsí ìwé túmọ̀ sí. Ó ń ṣe bí ẹni ilé, wọ́n ń lé e bí àlejò. Kásúà inú igbó ni àgbẹ̀ yìí. A dábàá kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.