Ilé Titun Létí Igbó: Ta Ni Iná Yóò Kọ́kọ́ Bá?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ẹbí àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé kíkọ́)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí ilẹ̀ titun tí ẹgbẹ́ wa rà, kí a tó fi ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ lélẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ pílánù ilé wò ni mo ti ń jẹun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òní, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ti olùṣọ́-àgùntàn náà sì ni.

Kí n tó sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ wa, mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, pílánù ilé kan dé orí tábìlì mi. Ògiri rẹ̀ dára, fèrèsé rẹ̀ tó, ṣáláńgá rẹ̀ jìnnà sí kànga bó ṣe yẹ. Mo fọwọ́ sí i. N kò dé ibẹ̀. Ká ní mo dé ibẹ̀ ni, ǹ bá rí i pé láti ẹ̀yìn ilé náà dé pápá eèsún kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn kan dáná sun pápá náà nítorí ọ̀yà. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò jó. Màjàlà ló gba etí òrùlé wọlé, ó bá ewé gbígbẹ àti igi òrùlé lábẹ́ páànù, iná sì ràn. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n obìnrin aránṣọ kan tó háyà yàrá níbẹ̀ pàdánù ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Onílé tún òrùlé rẹ̀ kàn. Ta ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún obìnrin náà? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó yẹ pílánù wò tí kò yẹ igbó wò, ìdajì ilé ló yẹ̀ wò.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ sórí ilẹ̀ wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi àti awọnlẹ̀ kan. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, ní apá ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, eérú ni a ń tẹ̀. Ìdí àwọn igi dúdú. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń dáko nítòsí sọ fún wa pé ọdọọdún ni iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn àwọn ọdẹ ló dá a, nígbà mìíràn àgbẹ̀ tó ń sun oko rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iná yìí ti ń kọjá níbẹ̀ kí a tó ra ilẹ̀. Àwa ni a fẹ́ wá kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ọsirélíà díẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ra ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2009, ní ìpínlẹ̀ Victoria, ooru ọjọ́ náà gùn dé 46.4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ìlú Melbourne, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fẹ́ kíkankíkan. Iná gba inú igbó. Ènìyàn 173 kú, ilé tó lé ní 2,000 jóná. Nínú àwọn tó kú náà, iná kan ṣoṣo, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà iná mànàmáná tó já ní Kilmore East, ló pa 119. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní ọdún 2010. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́lé sí ibi tí iná igbó lè dé, èyí tí wọ́n ń pè ní AS 3959, wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní ọdún 2009 kan náà, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2018. Síbẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2019 sí 2020, ilé tó lé ní 3,000 tún jóná ní orílẹ̀-èdè náà. Ìlànà kì í pa iná. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ilé àti ẹni tó wà nínú rẹ̀ láàyè láti má ṣe bá iná lọ.

Igbó wọn kì í ṣe igbó wa. Igi wọn ní epo nínú ewé, iná rẹ̀ sì ń ga fíofío. Tiwa, koríko ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ń yára jó, ó sì ń yára kú. N kò sọ pé kí a gbé ìwé wọn wá kí a lù ú ní òǹtẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n ń bi ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwa náà lè bi ilẹ̀ wa.

Èkíní: báwo ni ooru, ọ̀gbẹlẹ̀ àti afẹ́fẹ́ àgbègbè yìí ṣe ń le tó nígbà tó bá le jù? Tiwa, ọyẹ́ ni yóò dáhùn.

Èkejì: kí ló hù síbẹ̀? Koríko kúkurú, eèsún tó ga ju ènìyàn lọ, tàbí igbó igi? Iná ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta: báwo ni ohun tó hù náà ṣe jìnnà sí ògiri ilé? Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń wọn ilẹ̀ dé 100 mítà yí ilé ká kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ṣé ilẹ̀ tẹ́jú ni, àbí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Iná a máa sáré gun òkè. Ìṣirò àwọn onímọ̀ wọn ni pé bí ilẹ̀ bá fi ìwọ̀n digirí 10 ga sí i, eré iná tó ń gùn ún yóò di ìlọ́po méjì. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ilẹ̀ wa dà sí odò. Èyí já sí pé ìsàlẹ̀ ni igbó wà, òkè ni ilé yóò wà.

Láti inú ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń fi ilé sí ipele mẹ́fà. Ipele ìsàlẹ̀ kò béèrè ohun àrà kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 12.5, 19, 29 àti 40, tí í ṣe ìwọ̀n ooru iná tí ara ilé lè gbà. Ìkẹfà ni ibi tí ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ ti lè kan ilé. Bí ipele bá ṣe ń ga ni iṣẹ́ ilé náà ń pọ̀ sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Pásítọ̀, búlọ́ọ̀kù la fẹ́ fi kọ́lé, búlọ́ọ̀kù kì í jó.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí ní Ọsirélíà rí i pé màjàlà àti ẹyin iná tí afẹ́fẹ́ ń gbé ló ń jó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé náà, kì í ṣe ọwọ́ iná ńlá. Màjàlà kì í kan ilẹ̀kùn. Ihò ló ń wá. Ẹ padà sílé kí ẹ wo etí òrùlé yín, níbi tí páànù ti ṣe kọ́rọkọ̀rọ lórí ògiri. Ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ àjà. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ọ̀rá ni, ẹyin iná kan ti tó láti lu ú. Ẹ wo igi ìdáná tí a tò sí ara ògiri ẹ̀yìn, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, àti ewé tó kún ojú ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ páànù.

Nítorí náà, ilé tó bá kọjú sí igbó lórí ilẹ̀ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ǹtì dí etí òrùlé rẹ̀ pátápátá. Kí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti ti ihò afẹ́fẹ́ jẹ́ onírin, kí ojú ihò rẹ̀ má sì ju mílímítà 2 lọ; ìwọ̀n tí AS 3959 fọwọ́ sí nìyẹn. Kí irin ojú fèrèsé kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú. Kí a má ṣe fi ọ̀pẹ tàbí koríko bo ilé ìdáná ẹ̀yìn. Kí táǹkì omi wà tí a lè pọn láì dúró de iná mànàmáná.

Nísinsin yìí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ọkàn mi. Nígbà tí a ń pín pulọ́ọ̀tì, ìlà ẹ̀yìn ni owó rẹ̀ dínkù jù. Ta ló rà á? Àwọn opó wa ni, àwọn tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, àti arákùnrin wa tó ń ti ọmọlanke. Àwa tí owó wa ká a, ẹ̀bá títì la wà. Èmi náà wà níbẹ̀. Bí a bá kọ́ ọ bí àwòrán ilẹ̀ yìí ṣe wà, ilé àwọn aláìní ni yóò jẹ́ ògiri tí yóò gba iná dúró fún ilé tiwa. Lẹ́yìn náà, a óò tún sọ fún wọn pé kí wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì onírin, kí wọ́n dí òrùlé, kí wọ́n ra táǹkì, nígbà tí ẹni tó wà níwájú kò ná kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ará, èyí kò tọ́.

Nínú òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì, Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 8, ẹni tó bá kọ́ ilé titun gbọ́dọ̀ mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́ níbẹ̀. Ọlọ́run tó ń dáàbò boni ló pàṣẹ odi náà. Nínú Ẹ́kísódù orí 22, ẹsẹ 6, bí iná bá ràn láti inú ẹ̀gún débi ọkà ẹlòmíràn, ẹni tó dá a ni yóò san án. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí ẹni tó tòṣì jù dúró níwájú iná.

Ohun mẹ́ta ni mo ń dábàá. Àkọ́kọ́, kí a tún àwòrán ilẹ̀ yà. Kí ọ̀nà mọ́tò, pápá ìṣeré àwọn ọmọ àti ọgbà ẹ̀fọ́ wà láàárín igbó àti ilé, kí ó fẹ̀ tó 20 mítà níbi tó tẹ́jú, kí ó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó dà sí odò. Kí ọ̀nà náà ní ẹnu méjì, kí ẹni tó ń sá má baà pàdé iná. Bí èyí yóò bá gé pulọ́ọ̀tì gbogbo wa kúrú, kí ó gé e. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Èkejì, kí owó nẹ́ẹ̀tì, òrùlé dídí àti táǹkì àwọn ilé tó súnmọ́ igbó wá láti inú àpò gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà wa lọ bá Baálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ jókòó kí ọyẹ́ tó dé, kí a jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tí wọn yóò máa sun oko àti bí wọn yóò ṣe máa fi tó wa létí. Wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ̀bẹ̀ ni kí a bá lọ, kì í ṣe ìhàlẹ̀.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a óò dìbò. Kí olúkúlùkù tó gbé ọwọ́ sókè, kí ó kọ́kọ́ rìn dé ìlà ẹ̀yìn, kí ó dúró lórí eérú yẹn, kí ó sì wò ó bíi pé ọmọ rẹ̀ ni yóò sùn níbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn; kò sì yẹ kí a fi í sórí òrùlé aládùúgbò ẹni. Kí Olúwa bá wa kọ́ ilé náà, kí ó sì ṣọ́ gbogbo àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀. Àmín.