Ta Ni Ó Dúró Níwájú Ọmọ? Ìgbanisíṣẹ́ Olùkọ́ àti Ìdọ́gba Ẹ̀kọ́ ní Niamey

Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ọmọ méjì lè wà ní kíláàsì kẹta, kí wọ́n máa ka ìwé kan náà, síbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ wọn má dọ́gba rárá. Olùkọ́ ni ó ń dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè ní olùkọ́ tí ó fara balẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba gidi, tí owó oṣù rẹ̀ dájú. Èkejì lè ní olùkọ́ oníwèé-àdéhùn, tí owó rẹ̀ kéré, tí owó náà sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà, kíka iye ilé-ìwé tí ó wà ní ìlú kò tó láti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ dọ́gba níbẹ̀. Irú olùkọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí a wò.

Lábẹ́ ìjọba Faransé, olùkọ́ kò pọ̀ ní Niger, ẹni tí ó bá sì di olùkọ́ ti di ẹni iyì. Ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àṣàyàn ọmọ láti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Boubou Hama àti Hamani Diori ti jáde. Àwọn méjèèjì ṣe tíṣà kí wọ́n tó wọ òṣèlú. Nígbà tí Niger gba òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Diori di ààrẹ àkọ́kọ́, Boubou Hama sì ń darí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Tíṣà ni ó kó orílẹ̀-èdè náà wọ òmìnira. Ó dunni pé láàárín ogójì ọdún, iṣẹ́ kan náà ti di èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbà nígbà tí wọn kò bá rí òmíràn.

Àìtó olùkọ́ ti ń jẹ ìjọba Niger níyà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti wá ọgbọ́n oríṣiríṣi sí i. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ètò tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Télé-Niger bẹ̀rẹ̀ ní Niamey pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Faransé. Wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ sórí ẹ̀rọ ní olú-ìlú, wọ́n sì ń gbé e dé nǹkan bí 20 kíláàsì, níbi tí nǹkan bí 800 ọmọ wà. Àwọn tí ó dúró ti àwọn ọmọ nínú kíláàsì kì í ṣe olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wọn kò ga ni, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tẹ̀ lé ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá sọ. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ètò náà gba owó púpọ̀, kò sì tàn kálẹ̀ dé ibi tí wọ́n fojú sí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kú, ìyẹn ni pé a lè rí ohun kan tàbí ẹnì kan tí owó rẹ̀ kéré fi dípò olùkọ́ tí a kọ́. Èrò yìí tún padà wá ní ọdún 1998, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí ó tó di ìgbà náà, owó ti wọlé, ó sì ti jáde. Yuréníọ̀mù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Arlit ní ọdún 1971 fún ìjọba lágbára láti kọ́ ilé-ìwé àti láti gba olùkọ́. Nígbà tí iye rẹ̀ wá já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní àwọn ọdún 1980, gbèsè dé, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ sí SAP sì dé tẹ̀ lé e. Ìnáwó lórí ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n gé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Niamey, tí ọgbà wọn wà ní ìhà kejì Odò Ọya, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n dé orí afárá Kennedy, àwọn agbófinró sì yìnbọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ìjọba gbà pé ó kú. Ìgékúrò owó ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jáde.

Ní ọdún 1998, ọdún kan náà tí òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ jáde ní Niger, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí wọ́n pè ní olùkọ́ afínnúfíndọ̀. Ní 2003, orúkọ náà yí padà sí olùkọ́ oníwèé-àdéhùn. Ìdí rẹ̀ yéni: owó tí yóò san oṣù olùkọ́ kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó láti san ti oníwèé-àdéhùn tí ó ju ẹyọ kan lọ, àwọn ọmọ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè tí obìnrin kan ń bí tó ọmọ méje ní ìpíndọ́gba nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kò lo ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó dúró níwájú pátákó.

Àǹfààní ètò yìí kì í ṣe kékeré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe òdodo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé pọ̀ sí i gidigidi, àwọn ọmọbìnrin pàápàá. Láàárín nǹkan bí ọdún 15, àwọn oníwèé-àdéhùn ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò PASEC, tí wọ́n ṣe ní 2014 fún àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí ń sọ Faransé, fi hàn pé kò tó ọmọ 10 nínú 100 tí ó dé ojú ìwọ̀n nínú ìwé kíkà ní ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Niger. Ní 2017, ìjọba dán àwọn olùkọ́ oníwèé-àdéhùn fúnra wọn wò, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì gba ìdajì máàkì. Ẹ̀bi náà kò yẹ kí ó wá sórí wọn. Ìjọba tí kò kọ́ni ní iṣẹ́ ni ó ń bi òṣìṣẹ́ nípa iṣẹ́.

Niamey fúnra rẹ̀ ní ìṣòro kan tí ó yàtọ̀. Bí a bá kó gbogbo ìlú pọ̀, olùkọ́ kò wọ́n níbẹ̀. Abúlé ni wọ́n ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ obìnrin ni ó ń béèrè kí wọ́n gbé àwọn lọ sí ibi tí ọkọ àwọn ti ń ṣiṣẹ́, ìjọba a sì máa gbà fún wọn. Ìbéèrè yìí kò burú. Ìdílé tí ó pín sí méjì kì í sinmi. Àbájáde rẹ̀ ni pé ilé-ìwé kan ní àárín ìlú lè ní olùkọ́ ju kíláàsì rẹ̀ lọ, nígbà tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ ìpele mẹ́ta pọ̀ ní abúlé.

Nínú ìlú náà pẹ̀lú, nǹkan kò dọ́gba. Àwọn àdúgbò tuntun tí ó hù ní etí ìlú ń gba àwọn tí ọ̀dá àti ogun lé kúrò lóko, ilé-ìwé kò sì lè sáré tó wọn. Inú kíláàsì tí a fi koríko kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kàwé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé kan ní Pays-Bas, àdúgbò kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú, ogún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sì kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, iná mìíràn pa ọmọ 26 ní Maradi. Owó tí a fi ń kọ́ kíláàsì gidi àti owó tí a fi ń san oṣù olùkọ́ ń jáde nínú àpò kan náà. Ìjọba tí ó bá yan èyí yóò fi èkejì sílẹ̀, àwọn ọmọ etí ìlú ni ó sì máa ń pàdánù méjèèjì.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ wá di ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Zinder, Tahoua, Dosso àti Niamey; ẹni tí ó ní BEPC, tí ó tó ẹni tí ó parí JSS 3, ń lo ọdún méjì níbẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ìparí girama ń lo ọdún kan. Àwọn olùkọ́ girama ń gba ti wọn ní Yunifásítì Abdou Moumouni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dára jù ni ibi tí kò náni lówó púpọ̀: ẹgbẹ́ CAPED, níbi tí àwọn olùkọ́ láti ilé-ìwé tí ó súnmọ́ ara wọn ti ń pàdé láti kọ́ ẹ̀kọ́ kan níwájú ara wọn, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó kù sí. Olùkọ́ oníwèé-àdéhùn tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ rí lè rí ọ̀gá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí alábẹ̀wò ilé-ìwé bá ń yọjú déédéé. Níbi tí owó epo kò bá sí fún un, ìpàdé á di àkọsílẹ̀ lásán. Ìgbìmọ̀ COGES, tí ó kó òbí àti olùkọ́ pọ̀ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ń ṣọ́ ohun mìíràn, ìyẹn bóyá olùkọ́ wá sẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ní irú ìrírí yìí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 sí 811,432. Olùkọ́ tí a kò kọ́ pọ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n ti ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì fi ọ̀nà ìgòkè sílẹ̀: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láìní ìwé-ẹ̀rí lè lọ gba Grade III, kí ó padà wá, kí ó tún lọ gba Grade II. Ní Niger, fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníwèé-àdéhùn lè ṣiṣẹ́ pẹ́ láìmọ̀ ìgbà tí wọn yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyanṣẹ́lódì tí ó ń dá ilé-ìwé Niamey dúró lemọ́lemọ́ ti ibẹ̀ wá, ó sì ń gba ọjọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tálákà ju ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé aládàáni lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì tí yunifásítì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti jà fún èdè Áfíríkà nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1964. Ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí ó fi Hausa kọ́ni bẹ̀rẹ̀ ní Zinder ní 1973. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba ológun tí ó gbàjọba ní oṣù keje ọdún 2023 sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè. Zarma ni èdè ilẹ̀ Niamey, Hausa sì wà ní ẹnu ọjà, ọmọ Fúlàní àti ọmọ Tuareg sì wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí wọ́n fi Faransé nìkan kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ yóò ní láti kọ́ bí a ṣe ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ yóò sì ní láti mọ èdè tí olùbẹ̀wẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ kí wọ́n tó pinnu àdúgbò tí wọn yóò gbé e lọ.