Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ayé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìtẹ̀lé)

 

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ò gùn. Bí ọwọ́ ìyá kan bá ń gbọ̀n nídìí gàrí, tí kóńgò ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kíá la ó ti sọ pé ayé ló ṣe é, tàbí pé ó ń mutí. Oníbàárà á yà sí ìsọ̀ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀, àìsàn ló lè jẹ́. Wọ́n ń pè é ní Parkinson, torí pé dókítà ará Ìlú Ọba kan, James Parkinson, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1817.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé. Ọpọlọ ni ọ̀gá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ránṣẹ́, oje kan tó ń jẹ́ dopamine ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà dé geere. Nínú àìsàn yìí, ibi tó ń pèsè oje náà nínú ọpọlọ ń kú díẹ̀díẹ̀. Kí àmì tó hàn, ọ̀pọ̀ ti lọ. Iṣẹ́ á wá máa pẹ́ dé. Ọwọ́ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n, pàápàá nígbà tó bá wà lórí itan tí kò ṣe nǹkan kan. Ara á le, ìṣísẹ̀ á kúrú, ohùn á lọ sílẹ̀, ojú á dà bíi ti ẹni tó bínú, bẹ́ẹ̀ inú ò bí i. Ìgbẹ́ líle àti àìgbóòórùn dáadáa lè ti ṣáájú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ràn o! Kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni Parkinson. Dókítà ló lè sọ.

Ẹ rántí Muhammad Ali, akànṣẹ́ tó wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1964. Ọdún 1984 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní in. Ní 1996, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà ló fi tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta, tí gbogbo ayé ń wò ó. Ọdún 2016 ló tó kú.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán, ṣùgbọ́n levodopa, tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, ń jẹ́ kí ara dẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, kó má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹ̀yin ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ mọ yèrèpè: levodopa wà nínú kóró rẹ̀. Àmọ́ ta ló mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú àgbo? Ẹ má fi rọ́pò ti dókítà. Ẹ máa rìn, ẹ máa na ara.

Bẹ́ ẹ bá rí àmì, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ọ̀tà. Wọ́n lè kọ̀wé darí yín sí dókítà ọpọlọ ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má sá fún un. Ẹ bá a wọn gàrí rẹ̀, kí oníbàárà rẹ̀ má baà lọ. Ọjà á tà, àìsàn ò ní í jẹ èrè wa o. Àṣẹ.