Bàbá ni Dígí: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Bàbá Ọmọ ní Ayétòrò



Yorùbá a máa pe ìyá ní wúrà, wọn a sì máa pe bàbá ní dígí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìdí tí ìyá fi jẹ́ wúrà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá kì í dúró ronú lórí ti dígí. Dígí ni ọmọ ń wò kí ó tó mọ bí òun fúnra rẹ̀ ti rí. Bí bàbá bá jí lọ sí oko ní kùtùkùtù, ọmọ ń wò ó. Bí ó bá jókòó ti ọtí títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ń wò ó. Bí ó bá sì fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìbéèrè ọmọ, dígí fọ́ nìyẹn. Ibòmíràn ni ọmọ yóò ti lọ wo ojú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yewa, ibòmíràn náà kò jìnnà. Ẹnubodè Benin wà nítòsí, ọ̀nà igbó sì pọ̀. Ọmọkùnrin tí kò rí owó ìwé, tí kò sì rí ẹni tí yóò bi í ní ibi tí ó sùn mọ́jú, kì í pẹ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò gbé ọ̀kadà lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi kó ẹrù fàyàwọ́ ní òru. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lójú ọ̀nà fàyàwọ́, ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ dàgbà tó ẹni tí ń ta ilé.

Àwọn bàbá ilẹ̀ yìí ti ru ẹrù ọmọ rí, wọ́n sì rù ú dé ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń múra ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kùn nítorí owó-orí tí a fi kún ti àtẹ̀yìnwá. Ìkùnsínú yìí wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954. Síbẹ̀, nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn bàbá kan náà mú ọmọ wọn jáde. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lé díẹ̀ ní 450,000 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Ìjọba ni ó san owó olùkọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ni ó yọ̀ǹda ọwọ́ tí ìbá bá a ro oko, tí ìbá bá a lé ẹyẹ. Ní ọdún 1963, Ayétòrò fúnra rẹ̀ gba Comprehensive High School, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ ìwé tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Lónìí, òfin pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2006, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sì pa á láṣẹ pé kí òbí jẹ́ kí ọmọ parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òbí tí a bá kìlọ̀ fún tí kò gbọ́ lè san owó ìtanràn, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè bá ènìyàn jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní alẹ́. Ẹgbẹ́ àti àdúgbò ni ó lè ran bàbá lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Niger. Ní agbègbè Zinder, ṣáájú ọdún 2010, wọ́n dá ohun tí wọ́n ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọkọ sílẹ̀, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀ràn iye ènìyàn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, kò sì sí owó oṣù. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n ti gbéyàwó a máa pàdé, wọn a yẹ ìṣòro kan wò, wọn a sì wá ojútùú rẹ̀ fúnra wọn: ìdí tí aboyún kò fi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ìdí tí ọmọ ọwọ́ kò fi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọkùnrin ni ó ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọlé.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé bàbá aláwọ̀ dúdú kì í tọ́jú ọmọ. Ìwádìí tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé, nínú àwọn bàbá aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún 5, 70 nínú 100 ni ó ń wẹ ọmọ, tàbí tí ó ń wọ aṣọ fún un, lójoojúmọ́. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 60. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìtọ́jú ọmọ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin dúdú.

Ohun tí Ayétòrò lè ṣe kò ju agbára rẹ̀ lọ. Kí bàbá bá ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Kí ó mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Kí èyí tí ó wà ní Èkó fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, kí ó sì fi ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí owó kò lè bá ọmọ wí. Kí ìjọ, jàmáà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ, kí wọ́n sì yan àgbà kan fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bímọ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú igba náà. Ìgbà náà ni ayé yóò tòrò ní Ayétòrò.