Òpó Inú Ọ̀sà
Bí ènìyàn bá gun Afárá Third Mainland ní Èkó Àkéte, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ Julius Berger parí ní ọdún 1990, tí ó sì gùn ju kìlómítà 11 lọ, ọ̀dà tí táyà ń tẹ̀ nìkan ni yóò rí, kò ní rí àwọn òpó kọnkéré, onírin nínú, tí wọ́n rì gba inú omi àti ẹrẹ̀ kọjá. Omi iyọ̀ ni ọ̀tá wọn: bí kọnkéré bá sán, omi a wọlé, irin a dípẹtà, a wú, a sì tún fọ́ kọnkéré náà sí i. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán òmùwẹ̀ lọ yẹ àwọn òpó náà wò. Yanrìn wíwa náà lè ba òpó jẹ́: ẹ̀yin tí ẹ ń wa yanrìn nítòsí òpó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà síbẹ̀.